Ẹ̀rọ Kì Í Mulẹ̀: Ìtàn Àdéhùn Nínú Eré Ogun Orí Kọ̀ǹpútà

 

Lẹ́yìn ìpàdé wa tí ó kọjá, nígbà tí a ti jẹun tán tí a sì ti kó àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn àbúrò wa mẹ́ta jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ní igun iyàrá. Eré ogun ni wọ́n ń ṣe, irú èyí tí ènìyàn fi ń jọba lórí orílẹ̀-èdè kan, tí kọ̀ǹpútà sì ń jọba lórí àwọn yòókù. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi kígbe pé: “Ẹ gbà mí o! Gandhi ti dalẹ̀! Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti jọ ń ṣọ̀rẹ́, ó wá ju bọ́ǹbù lu ìlú mi!” Ẹ̀rín pa gbogbo wa.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní ẹ̀rọ kò lè dalẹ̀, nítorí pé kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ rí. Àbúrò náà dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ó bá mi ṣe àdéhùn, ó sì fọwọ́ sí i. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìdàlẹ̀, kí ni kí n pè é?” Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ṣèlérí pé n óò wádìí ọ̀rọ̀ náà, n óò sì kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ohun tí mo rí nìyí.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ń jẹ́ ìmùlẹ̀. Nígbà tí ènìyàn méjì tàbí ìlú méjì bá fẹ́ fọkàn tán ara wọn, wọn a pe ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ilẹ̀ kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni gbogbo wa ń padà sí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ohun tí ẹni tí ó mulẹ̀ lè pàdánù ni ó fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní agbára. Kí wá ni kọ̀ǹpútà lè pàdánù? Ìbéèrè yìí ni àwọn tí ń ṣe eré ogun orí kọ̀ǹpútà ti ń bá jà láti ogójì ọdún sẹ́yìn, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

ERÉ TÍ KÒ GBA Ọ̀RỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nínú eré tí kò gba ọ̀rọ̀ sísọ, kọ̀ǹpútà ti di ọ̀gá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, Deep Blue, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ IBM ṣe, borí Garry Kasparov nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì ní New York, bẹ́ẹ̀ Kasparov ni ó mọ eré náà jù ní gbogbo ayé nígbà náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ẹ̀rọ mìíràn tí ń jẹ́ AlphaGo borí Lee Sedol nínú eré Go ní Seoul, ìgbà 4 nínú 5.

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, so ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ láti tú ìdí eré awari. Ìbátan ayò ọlọ́pọ́n wa ni eré yìí: ihò 12 ni, ọmọ 48 ni, bí òfin rẹ̀ kò tilẹ̀ bá tiwa mu délẹ̀. Ipò 889,063,398,406 ni ọmọ lè wà lójú ọpọ́n náà, kọ̀ǹpútà wọn sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe rárá, ọ̀mì ni wọn yóò ta.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọpọ́n ayò dáadáa. Ẹni méjì péré ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí èkíní jẹ ni èkejì pàdánù. Gbogbo ọmọ ni ojú rí. Ọ̀ta a máa fi ọ̀rọ̀ gún ọ̀pẹ lára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mú ọmọ kan ṣoṣo kúrò nínú ihò. Kò sí ẹni tí ó ń bẹ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí ó ń ṣèlérí. Ìṣirò nìkan ni, ìṣirò kò sì ṣòro fún ẹ̀rọ.

ERÉ TÍ Ọ̀RỌ̀ ẸNU Ń JỌBA LÓRÍ RẸ̀

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Allan Calhamer ni ó gbé ọ̀rọ̀ ẹnu wá sí ojú ọpọ́n. Ó kàwé ní Harvard, ó ti kà nípa bí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń rò ó bí àwọn ìjọba tí ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ti ṣe ti ara wọn sínú iná. Ní ọdún 1954 ó ti ṣe ètò eré rẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ kò fẹ́ ẹ, ó fi owó ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà 500 jáde ní ọdún 1959. Diplomacy ni ó sọ ọ́.

Ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1901 ni ó wà lójú ọpọ́n náà. Ìjọba 7 ni ó ń dù ú: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Austria, Rọ́ṣíà àti Tọ́kì. Ibùdó 34 ni ó wà; ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba 18 ni ó borí. Kò sí dáìsì níbẹ̀, kò sí pé orí ẹnìkan gbè é. Agbára ẹnikẹ́ni kò sì tó láti dá ṣẹ́gun, nítorí náà dandan ni kí ó wá ọ̀rẹ́. Kí wọ́n tó gbé ogun, wọn a kọ́kọ́ fa ara wọn sí kọ̀rọ̀ láti sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà olúkúlùkù a kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé, wọn a sì ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà náà ni a ó mọ ẹni tí ó pa àdéhùn mọ́ àti ẹni tí ó ti tà á. Òfin eré náà kò de ẹnikẹ́ni mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà gbìyànjú eré yìí títí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Sarit Kraus àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù kọ ètò kan tí wọ́n pè ní Diplomat, tí ó lè bá ènìyàn dúnàádúrà nínú eré náà. Ṣùgbọ́n èdè tí ẹ̀rọ náà gbọ́ kò ju ìlànà ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a là sílẹ̀ fún un lọ. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀. A ó padà sí èyí.

ṢE SÍ MI KÍ N ṢE SÍ Ọ

Ní nǹkan bí ọdún 1980, Robert Axelrod, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Michigan, pe àwọn ọ̀mọ̀wé sí ìdíje kan. Eré kékeré kan ni. Ènìyàn méjì ń bá ara wọn ṣòwò. Olúkúlùkù yóò yàn, láìmọ ohun tí ẹnìkejì yàn, bóyá òun yóò ṣe òótọ́ tàbí òun yóò rẹ́ ẹ jẹ. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe òótọ́, olúkúlùkù gba àmì 3. Bí àwọn méjèèjì bá rẹ́ra jẹ, olúkúlùkù gba 1. Bí ọ̀kan bá ṣe òótọ́ tí èkejì sì rẹ́ ẹ jẹ, arẹ́nijẹ gba 5, olóòótọ́ a sì lọ lọ́wọ́ òfo. Wọn yóò tún eré yìí ṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Axelrod ní kí olúkúlùkù kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò bá òun ṣe é.

Ètò 14 ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ránṣẹ́. Àrékérekè pọ̀ nínú òmíràn. Èyí tí ó kúrú jù lọ nínú gbogbo wọn ni ó borí. Anatol Rapoport, olùkọ́ ní Toronto, ni ó kọ ọ́. Tit for Tat ni orúkọ rẹ̀, èyí tí àwa lè pè ní Ṣe-sí-mi-kí-n-ṣe-sí-ọ. Ó máa ń fi òótọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ẹnìkejì bá ṣe fún un ni òun náà yóò ṣe padà. Axelrod kéde èsì náà, ó sì pe ìdíje kejì. Ètò 62 ni ó wá láti orílẹ̀-èdè 6, gbogbo àwọn tí ó kọ wọ́n sì ti mọ ẹni tí wọn yóò bá. Síbẹ̀, òun náà ni ó tún borí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwà ètò kékeré yìí. Kì í kọ́kọ́ rẹ́ni jẹ. Bí a bá rẹ́ ẹ jẹ, kì í gbà á mọ́ra. Bí a bá sì ronú pìwà dà, òun náà a gbàgbé lójú ẹsẹ̀. Ìwà rẹ̀ kò lábùlà. Kò pẹ́ tí ẹni tí ó ń bá a ṣòwò yóò fi mọ ẹni tí ó jẹ́. Kò lè gba àmì ju ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ láéláé, ṣùgbọ́n nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun ni ó ṣíwájú.

Ohun tí ó mú èyí ṣeé ṣe ni pé ọ̀la wà. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò tún pàdé rẹ lọ́jà lọ́la kì í yọ lára òṣùwọ̀n lónìí. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá mọ̀ pé òní ni ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ̀rù ọ̀la ti tán nìyẹn. Eré ogun sì ní ọjọ́ ìkẹyìn: ẹnìkan yóò borí, eré yóò sì parí. Ibẹ̀ ni ìṣòro náà sá sí.

ERÉ CHRIS CRAWFORD

Chris Crawford, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ Atari, gbé eré Balance of Power jáde ní ọdún 1985. Ìgbà náà ni Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì kọjú ohun ìjà átọ́míìkì sí ara wọn, tí jìnnìjìnnì sì wà lára gbogbo ayé. Ẹni tí ó ń ṣeré yóò mú ọ̀kan nínú àwọn ìjọba méjèèjì, kọ̀ǹpútà yóò mú èkejì, wọn yóò sì fi ọdún 8 du ipò láàárín orílẹ̀-èdè 62.

Kò sí ọmọ ogun tí a ń tì kiri nínú rẹ̀. O lè fi owó ránṣẹ́ sí ìjọba kan, o lè fi ìbọn ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ibòmíràn. Ẹnìkejì lè wí pé òun kò gbà. Ìwọ lè fà sẹ́yìn, ojú yóò sì tì ọ́ níwájú gbogbo ayé. O sì lè taku. Òun náà lè fà sẹ́yìn tàbí kí ó taku. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fà sẹ́yìn, ogun átọ́míìkì dé, ẹni méjèèjì sì pàdánù. Crawford kò fi iná tàbí èéfín hàn ẹni tí ó bá dé ibẹ̀. Ojú ẹ̀rọ yóò ṣókùnkùn ni, ọ̀rọ̀ díẹ̀ yóò sì sọ fún un pé a kì í fún ẹni tí ó kùnà ní ẹ̀bùn.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ń ṣírò ìwà rẹ. Bí o bá bá orílẹ̀-èdè kékeré kan ṣe àdéhùn pé ìwọ yóò gbà á, tí o sì jẹ́ kí ó ṣubú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yòókù yóò gbọ́, ọkàn wọn yóò sì máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Èyí jẹ́ ìgbìyànjú ńlá láti fi ìtìjú sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ìtìjú náà, Crawford ni ó sì pinnu iye tí ó tó.

Ẹ̀SÙN TÍ A FI KAN GANDHI

A dé ọ̀dọ̀ Gandhi wàyí. Eré Civilization ni a ti ń bá a pàdé. Sid Meier àti Bruce Shelley ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1991, ní ilé iṣẹ́ MicroProse ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò sí ìlú kankan, a sì máa kọ́ ìlú títí yóò fi dé ayé òde òní. Ẹ̀yà 14 ni ó wà nínú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Íńdíà ni Gandhi ń ṣàkóso.

Ìtàn kan wà tí ó tàn ká gbogbo ayé. Wọ́n ní nínú eré àkọ́kọ́ yìí, a fún olórí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ó ń sọ bí ó ti fẹ́ràn ìjà tó. Pé 1 ni a fún Gandhi nítorí pé ẹni àlàáfíà ni. Pé nígbà tí Íńdíà bá gba ìjọba tiwa-n-tiwa, ẹ̀rọ a yọ 2 kúrò nínú nọ́ńbà olórí rẹ̀. Nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà irú èyí kì í lọ sí abẹ́ òfo, kì í sì í kọjá 255. Nítorí náà, wọ́n ní, nígbà tí a bá yọ 2 kúrò nínú 1, a yí po bí nọ́ńbà máìlì inú ọkọ̀, a sì di 255, Gandhi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù átọ́míìkì kiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ìtàn náà dùn, ó sì dà bí òwe. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Irọ́ ni. Nínú ìwé tí Sid Meier kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní ọdún 2020, ó ní àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ rí. Brian Reynolds, tí ó ṣe Civilization II ní ọdún 1996, ní ìpele mẹ́ta péré ni ìwà ìjà ní nínú eré àkọ́kọ́, àwọn olórí mìíràn sì wà ní ìpele tí Gandhi wà. Olórí yòówù tí ó bá ní ohun ìjà náà ni ó ń fi í halẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ẹnu Gandhi jáde, ènìyàn kì í gbàgbé rẹ̀.

Ó kù síbi kan. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Civilization V, tí ó jáde ní ọdún 2010, Jon Shafer, tí ó ṣe olórí iṣẹ́ náà, fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀. Ìwọ̀n tí ó ń sọ bí olórí kan ti fẹ́ lo bọ́ǹbù átọ́míìkì tó kò yẹ kí ó kọjá 10. Ó fi 12 fún Gandhi. Ní nǹkan bí ọdún 2012, lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀ yìí, ni ìtàn àṣìṣe ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. A di ẹ̀bi náà ru ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ní ẹ̀rọ ni ó ya wèrè. Ẹ̀rọ kò ya wèrè. Ènìyàn kan ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀YỌ́ NÍNÚ Ẹ̀RỌ

Nígbà tí Civilization IV jáde ní ọdún 2005, lábẹ́ àṣẹ Soren Johnson, wọ́n ṣí inú ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ènìyàn lè rí i. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí olórí kan fi fẹ́ràn rẹ tàbí tí ó fi kórìíra rẹ, yóò kà á fún ọ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀sìn kan náà ni a jọ ń ṣe: àmì gòkè. Ìwọ ń bá ọ̀tá mi ṣòwò: àmì wálẹ̀. Ìwọ ni o gbé ogun wá bá mi: àmì wálẹ̀ púpọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ bóyá inú olórí náà dùn tàbí ó ń bínú. Àwọn òṣèré fẹ́ràn èyí, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí ìbínú lè pẹ̀tù sí i. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi mọ̀ pé a lè ra ìfẹ́ náà bí ẹni ra iṣu: fi ẹ̀bùn díẹ̀ níhìn-ín, yí ẹ̀sìn padà lọ́hùn-ún, ọ̀rẹ́ dé.

Ní ọdún 2008 Johnson sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tí ń ṣe eré ní San Francisco. Àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ ń ṣeré kí ó lè pàdánù. Ìṣòro tí ó wà nídìí irú iṣẹ́ yìí nìyí: ọ̀rẹ́ rẹ àtayébáyé rí i pé ìwọ ti fẹ́ borí. Kí ni kí ó ṣe? Bí ó bá gbógun tì ọ́, àwa a ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Bí ó bá jókòó tí ó ń wò ọ́, àwa a ní òmùgọ̀ ni. Nínú Civilization V, àwọn olórí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo ẹni tí ó bá ń sún mọ́ ìṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ òṣèré sì ráhùn pé ọ̀rẹ́ inú eré náà kò ní láárí mọ́.

Ní ọdún 2013, ilé iṣẹ́ Paradox ní Stockholm gbé Europa Universalis IV jáde. Eré yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1444, Ọ̀yọ́ sì wà nínú rẹ̀, Benin pẹ̀lú. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ náà lójú àwòrán ayé. Bí o bá ní kí Ọ̀yọ́ bá ọ ṣe àdéhùn, ẹ̀rọ yóò fi ìṣirò rẹ̀ hàn ọ́. Èrò rẹ̀ nípa rẹ lè wálẹ̀ dé -200, ó sì lè gòkè dé 200. Ìgbẹ́kẹ̀lé, tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà, ń lọ láti 0 dé 100. Bí o bá sì gba ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ní àgbàjù, àwọn aládùúgbò yóò para pọ̀ láti kọjú ìjà sí ọ. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, èmi kò sẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí Ọ̀yọ́ tí a kà nínú ìtàn. Dahomey san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún èyí tí ó tó àádọ́rin ọdún ó lé, títí Gezo fi kọ̀ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1823. Aláàfin tí ó gba ìṣákọ́lẹ̀ yìí kò dá sọ̀rọ̀. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì 7 wà lẹ́yìn rẹ̀, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí wọ́n bá kọ Aláàfin, kíkú ni yóò kú. Nígbà tí irú ọba bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ó mọ̀ pé ọrùn òun wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú eré, bí Ọ̀yọ́ bá dalẹ̀, nọ́ńbà kan ni yóò wálẹ̀; bí ó bá pẹ́ díẹ̀ yóò tún gòkè. Kò sí ẹni tí ó kú, kò sì sí ẹni tí ojú tì.

CICERO ẸLẸ́NU DÍDÙN

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Meta, tí ó ni Facebook, kéde nínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn ti ṣe ẹ̀rọ tí ó lè ṣe eré Diplomacy ti Calhamer pẹ̀lú ènìyàn, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Cicero ni wọ́n pè é, orúkọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Róòmù àtijọ́ nì. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá ara wọn sọ nínú eré 40,408 kọ́ ọ; iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 13. Apá kan nínú ẹ̀rọ náà ń ṣírò ohun tí yóò ṣe àti ohun tí àwọn yòókù lè ṣe. Apá kejì ń wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ìṣirò náà mu.

Ó ṣe eré 40 pẹ̀lú ènìyàn 82 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ nínú eré tí ó fi hàn pé wọ́n fura sí i. Nínú àwọn tí ó ṣe ju eré kan lọ, ó wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ó wà lókè.

Àwọn tí ó ṣe é ní àwọn kọ́ ọ ní òótọ́. Wọ́n ní kì í mọ̀ọ́mọ̀ dalẹ̀. Ní ọdún 2024, Peter Park àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà sọ wò, wọ́n sì rí nǹkan mìíràn. Nínú eré kan tí Cicero jẹ́ Faransé, ó ti bá Jámánì gbìmọ̀ láti tan Gẹ̀ẹ́sì jẹ, síbẹ̀ ó ṣèlérí fún Gẹ̀ẹ́sì pé òun yóò dáàbò bò ó. Ní ìgbà mìíràn, ẹ̀rọ náà kú fún ìṣẹ́jú 10. Nígbà tí òṣèré kan béèrè ibi tí ó lọ, ó ní òun ń bá ọ̀rẹ́bìnrin òun sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù.

Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i. Nígbà tí Cicero ṣèlérí, ó lè jẹ́ pé ìlérí náà bá ìṣirò ìṣẹ́jú náà mu. Nígbà tí ìṣirò yí padà, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó dì í mọ́ ọ̀rọ̀ àná. Ó gbọ́ èdè ìmùlẹ̀, kò ní ilẹ̀ tí yóò mu.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Mo padà sí àríyànjiyàn wa. Ẹ̀gbọ́n wa jàre: ẹ̀rọ kì í mulẹ̀, nítorí náà kò lè dalẹ̀. Àbúrò wa náà jàre: a ṣe ìlérí fún un, ìlérí náà sì yẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì kò béèrè ni ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò lè fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí a bá ti rán an ni yóò jẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rán an ni ó ń sọ, ẹni náà ni ó sì yẹ kí ojú tì.

Èyí kò mọ sí inú eré mọ́. Ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Ó ń dáhùn àwọn oníbàárà, ó ń ṣèlérí fún wọn. Nígbà tí ọ̀kan bá bá yín ṣàdéhùn, ẹ má ṣe bi ẹ̀rọ náà bóyá ó ṣeé fọkàn tán. Ẹ béèrè ẹni tí ó rán an níṣẹ́, ẹ sì béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà bí ọ̀rọ̀ bá yẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà láàárín wa, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ní ọdún 1991, nínú ẹ̀yà 14 inú Civilization, méjì péré ni ó ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, Íjíbítì àti Súlú, ọwọ́ àlejò ni ó sì kọ ìwà wọn. Ọwọ́ àlejò náà ni ó kọ ìwà Ọ̀yọ́ sínú ẹ̀rọ. N kò bá wọn jà, wọ́n gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí Ọ̀yọ́ Mèsì jẹ́, tí ó sì mọ ìdí tí ilẹ̀ fi ń ṣe ẹlẹ́rìí, ni ó yẹ kí ó jókòó sí ìdí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àbúrò wa, mo gbọ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ eré tuntun. Ó ní òun kò ní í bá Gandhi pààlà mọ́ láéláé. Mo ní kí ó má fi ti Gandhi ṣe. Jon Shafer ni kí ó bá wí.